Ìyá Ẹ̀rí Fẹ́ Di Olùkọ́

Ara obìnrin tí à ń sọ yìí le koko. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orí fífọ́, eyín rẹ̀ pé sẹ́nu, àtàárọ̀ dalẹ́ ló sì máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun fáwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá jókòó sínú ìjọ wọn fún ìgbà díẹ̀ péré, á máa ṣe kàyéfì pé báwo ni obìnrin yìí ṣe ṣì wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ yìí, inú ló run ún, Olúwa gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣubú nínú balùwẹ̀, áńgẹ́lì gbá a mú kí orí rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Nígbà tó tún yá, aáyán kó sí i létí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọpọlọ kí àdúrà tó fà á jáde. Ohun tó ti ròyìn níwájú ìjọ yẹn, bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, wọn ì bá ti sin ín tipẹ́.

"Kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Ẹ̀rí, ó tọ́ sí mi," ló máa ń wí tó bá ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. "Èmi tí mò ń ṣàìsàn fún iṣẹ́ Olúwa."

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ o. Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Nínú ìjọ tí wọ́n ń lọ, obìnrin kì í kọ́ àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin lè kọrin, ó lè gbálẹ̀, ó lè kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àdúrà, ó lè to àga sílẹ̀ fún ìpàdé tí wọn ò ní jẹ́ kó wọ̀. Àmọ́ kó dúró níwájú ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, kó ní òun fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún un, èèwọ̀ ni! Ibi kan ṣoṣo tí wọn ò ti rí obìnrin pa lẹ́nu mọ́ ni àsìkò ẹ̀rí. Ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ta ló máa sọ pé kí ẹni tí Olúwa wò sàn má dúpẹ́? Ibẹ̀ làwọn obìnrin ìjọ náà ti gbọ́n. Tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú ẹni, èèyàn á wá àìsàn kékeré kan bò ó lórí, á fi "Ẹ yin Olúwa" ṣí i, á sì ki ẹ̀kọ́ náà bọ àárín rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi Ìyá Ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ tó fi ń rán irun mọ́ oníbàárà lórí gún un níka. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ò tó èyí tí ẹ̀fọn máa mu yó. Nígbà tó máa fi dé iwájú ìjọ, ìka ti wú, dókítà ti ń pọ́n ọ̀bẹ, Olúwa sì ti dá sí i. Ibẹ̀ ló gbà bọ́ sórí bí ahọ́n ṣe ń gún èèyàn ju abẹ́rẹ́ lọ, tó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń sọ nípa ara wọn jẹ gbogbo ìjọ níyà. Àwọn alàgbà ń mirí. Wọ́n ní, "Ẹ̀rí yìí lágbára gan-an." Wọn ò mọ̀ pé odindi ìwàásù ni wọ́n gbé mì.

Èyí tó tì í lójú jù ni ti ẹ̀yìn ríro. Ó fẹ́ kọ́ ìjọ nípa ríran ara ẹni lọ́wọ́, ló bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì yọjú sí òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ ìjọ lára ju bó ṣe fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ya dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnì kan gbé omi gbígbóná, òmíràn gbé òróró ìpara. Níbo ni wọ́n ti bá a? Níbi tó ti tẹ̀ ba, tó ń fọ orí oníbàárà nínú bàsíà! Kíá ló di ẹ̀yìn mú. "Yéè, ó tún ti dé!" Wọ́n fi òróró pa á lẹ́yìn títí aṣọ rẹ̀ fi rin gbingbin, ó ń kérora, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú lọ́hùn-ún pé kó ṣàánú òun. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Òpùrọ́ àgbàyà," ló sọ fún ara rẹ̀. "Wo ẹ̀yìn rẹ bó ṣe ń dán."

Nígbà tí ẹ̀rí àwọn obìnrin wá ń gùn jù, àwọn alàgbà yan alágogo. Iṣẹ́ alágogo ò ju kó jókòó sí ìlà iwájú, kó gbé agogo kékeré lé itan, kó sì mì ín tí ẹ̀rí bá ti ń pẹ́. Tí agogo bá ti dún, kí ẹlẹ́rìí jókòó ni, ì báà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ò tíì parí lẹ́nu rẹ̀. Ta ni wọ́n sì wá fi ṣe alágogo? Ọkọ Ìyá Ẹ̀rí gan-an! Káfíńtà ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tó máa ń sùn nínú ìsìn bí ẹni tí wọ́n sanwó oorun fún. Ọgbọ́n ni wọ́n dá o. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ọkùnrin mìíràn tó láyà àtidá obìnrin yẹn dúró. Káfíńtà mọ ìyàwó rẹ̀ dénú eegun. Kò dìgbà tó bá lajú kó tó mọ̀ pé ó ti kúrò lórí àìsàn, ó ti ń wàásù. Tí ohùn ìyàwó rẹ̀ bá ti gòkè báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á mi agogo fúnra rẹ̀, Ìyá Ẹ̀rí náà á sì jókòó. Ó ti mọ́ àwọn méjèèjì lára.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí olùkọ́ kíláàsì àgbà fi kó lọ sí ìlú mìíràn. Pásítọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó lọ bá ló ní nǹkan ń ṣe òun. Ẹnì kan ní ojú òun ò ríran dáadáa, òmíràn ní ọ̀fun ń dun òun. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀rí gbọ́, ó ní, "Ẹ ò rí i! Àwọn náà ti ń kọ́ iṣẹ́ mi." Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn alàgbà, pásítọ̀ dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ìyá yìí ti ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀rí ni à kàn ń pè é. Ẹ jẹ́ ká fún un ní kíláàsì náà."

Ariwo ta. Ẹni tí kò pariwo ni Bàbá Ìjọ, olórí àwọn alàgbà, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìdájọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," ló wí. "Kó wá kọ́ni lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níwájú gbogbo ìjọ, kí n rí i. Tó bá yege, a óò tún sọ ọ́. Tó bá kùnà, ọ̀rọ̀ pé obìnrin fẹ́ kọ́ni nínú ìjọ yìí ti kú nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má jí i mọ́."

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Ìyá Ẹ̀rí ló kọ́kọ́ wá bá a. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n fún ara wọn.

"O gbọ́ ohun tí Bàbá Ìjọ wí?"

"Mo gbọ́."

"Ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ ìwàásù lòun fẹ́ ṣe. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, pé ayé á yí padà. Tí o bá lọ dójú tì wá, orúkọ rẹ ni wọ́n máa fi lé e sẹ́yìn títí ayé. Wọ́n á ní, 'Ṣé ẹ ò rántí Ìyá Ẹ̀rí ni?'"

Ìyá Ẹ̀rí fẹ́ dá àpárá, àpárá ò wá. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń wù ú. Ó ń wù ú láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá, nígbà tó jẹ́ pé tí olùkọ́ bá ti fo ibi tó dùn nínú ẹ̀kọ́, ṣe ni àtẹ́lẹwọ́ á máa yún un. Ó fẹ́ kọ́ni ju bó ṣe fẹ́ jẹun lọ. Kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí obìnrin tó bá sọ irú ẹ̀ jáde, agbéraga ni wọ́n máa pè é.

Ìdáríjì ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára àwọn oníbàárà, pàápàá àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, torí àwọn yẹn ò lè sá. Ó ṣe ohùn rẹ̀ bíi ti olùkọ́, ó sọ̀rọ̀ lọ títí. Nígbà tó dákẹ́, oníbàárà yọ orí jáde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ìgbà wo lẹ já bọ́ lórí ọ̀kadà?"

Àṣé ó ti já bọ́ lórí ọ̀kadà! Kò tiẹ̀ mọ̀gbà tó débẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó kàn, eyín ríro ló tún já sí. Ó délé, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀, ó ní kó gbọ́ bí òun ṣe máa kọ́ ọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ tí káfíńtà fi rọra bi í pé, "Kí ló wá ṣe ọ́ lọ́tẹ̀ yìí?"

"Kò sóhun tó ṣe mí!"

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n mọ̀ ni, kí n má baà jayà tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè."

Gbogbo ọdún tó fi ń gba ẹ̀yìn wọlé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà mọ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè jáde tí kò di àìsàn mú. Nígbà tó máa di ọjọ́ Sátidé, ẹ̀rù ti sọ ọ́ di ẹni tó ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ léraléra. Ìgbẹ́ gbuuru dé, àìsàn tòótọ́ àkọ́kọ́ látọdún yìí wá, ó jókòó síbẹ̀, ó ń rò ó, kò sì rí ẹ̀kọ́ kankan fà yọ nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ rẹ̀ fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé. Ìjọ kún dẹ́nu ọ̀nà, torí àwọn tó fẹ́ kó yege wá, àwọn tó fẹ́ rí bó ṣe máa ṣubú náà sì wá, àwọn yẹn ló tiẹ̀ tètè dé jù. Bàbá Ìjọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀ lórí pẹpẹ, àga ńlá onítìmùtìmù pupa tí obìnrin kankan ò jókòó sí rí, ó wá sí ìlà iwájú kó lè gbọ́ dáadáa. Káfíńtà wà ní ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, agogo wà lórí itan. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó gbé e sílẹ̀ lónìí.

Ìyá Ẹ̀rí gun pẹpẹ. Ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó wo gbogbo ojú yẹn, ó sì la ẹnu.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

Ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe dá a lóhùn báyìí, ahọ́n rẹ̀ rí ojú ọ̀nà tó mọ̀, ó kó sí i. "Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, ẹ̀yin ará, orúnkún mi ọ̀tún..." Ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Ó ń pariwo nínú pé, "Dákẹ́! Kúrò lórí orúnkún!" Ẹnu ò gbọ́. Orúnkún wú, orúnkún ò ṣeé tẹ̀, wọ́n gbé e débi kan, wọ́n gbé e débòmíì. Aránṣọ ti káwọ́ lérí nínú ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀rí wá rí ibi tó lè gbà yọ sórí ìdáríjì, inú rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ gòkè. Káfíńtà tí oorun ti gbé lọ gbọ́ ohùn tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Agogo dún ketekete. Ìyá Ẹ̀rí jókòó.

Àga tó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, àga Bàbá Ìjọ ni.

Ẹnì kan ní, "Yéè!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń lu ara wọn lẹ́yìn, àwọn akọrin ń fi aṣọ nu ojú. Káfíńtà ta jí, ó wo agogo, ó wo ìyàwó rẹ̀ lórí àga, ó fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọwọ́ mi ni!"

Bàbá Ìjọ rọra dìde. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mo rò pé gbogbo wa ti rí i."

Ìyá Ẹ̀rí ṣì wà lórí àga. Ojú tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ohun tó sì dùn ún jù kì í ṣe ẹ̀rín. Ohun tó dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Wọ́n ti fún un láyè, òun fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó. Ó wo apá ibi tí aránṣọ wà, ó rí i pé ọ̀rẹ́ òun ti di ọwọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ mú, kò sì wo òkè mọ́. Inú bí i. Ara rẹ̀ ló bínú sí. Ó dìde.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo jókòó sórí àga yín." Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu. "Ó mà dẹ̀ rọ̀ o."

Ẹ̀rín tún bẹ́, ṣùgbọ́n èyí ò rí bíi ti àkọ́kọ́. Ó dúró kó rọlẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, kò sóhun tó ṣe orúnkún mi. Ara mi le. Kò sóhun tó ṣe mí lọ́sẹ̀ tó kọjá àyàfi ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀yin náà lẹ fà á. Mi ò ní ẹ̀rí kankan lónìí. Ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ yín."

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ síta. Káfíńtà ti agogo bọ àpò, ó sì fi ọwọ́ dì í mú nínú àpò níbẹ̀ kó má baà dún. Bàbá Ìjọ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí òfin sọ pé kó gbé ẹsẹ̀ sí. Ó jókòó padà.

Ìyá Ẹ̀rí wá kọ́ wọn. Kò dùn tó ẹ̀rí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ń kólòlò, ó sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣi ojú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó débi tó mọ̀, ó sọ fún wọn pé irun tó bá ti lọ́ mọ́ra, ẹni tó bá ki òòyà bọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á fa orí oníbàárà ya ni. Òkè lọ́hùn-ún, níbi tí irun parí sí, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi dé ìdí. Ó ní ẹni tí kò bá tíì lè dárí ohun ńlá ji èèyàn, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré jù. Kó kí ẹni náà láàárọ̀ ná. Kó pe orúkọ ẹni náà ná. Kò sẹ́ni tó kígbe Halelúyà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ronú, ó sì kọ́kọ́ bà á lẹ́rù, torí kò rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ìjọ ti na ọwọ́ sókè.

Ìyá Ẹ̀rí rò pé ó fẹ́ dá òun dúró ni. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Látọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan rí.

"Mo fẹ́ bèèrè," ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ ò sì jọ ti kóòtù mọ́. "Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ mí ti kú ńkọ́? Tí kò bẹ̀ mí kó tó lọ, tí èmi náà ò sì bá a sọ̀rọ̀. Ta ni mo fẹ́ kí láàárọ̀?"

Gbogbo ìjọ mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Àbúrò rẹ̀ ni, tí wọ́n ti ń yan ara wọn lódì fún ọdún pípẹ́ kí ikú tó mú un, tí Bàbá Ìjọ ò sì yọjú níbi ìsìnkú. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọkùnrin yẹn níwájú rẹ̀ rí.

Ẹ ò mọ bí ẹ̀rí ṣe yára wá sórí ahọ́n obìnrin yìí. Ó ti wà níbẹ̀, ó ti pé, ó ti gbóná: òun náà ní ẹ̀gbọ́n kan tó kú, ó lá àlá, ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín sí i, ó jí, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ìjọ á kígbe, bàbá á sunkún, ó ti yege nìyẹn. Kò ní ẹ̀gbọ́n kankan. Ó wo ojú bàbá arúgbó náà, ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rí náà mì.

"Mi ò mọ̀, bàbá," ló wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá a, kí n gbàdúrà sí i."

Bàbá Ìjọ mirí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ lọ wá a," ló wí. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ibí yìí náà ni mo máa jókòó sí."

Pásítọ̀ fò dìde bí ẹni tí iná jó. "Ṣé gbogbo wa gbọ́? Bàbá Ìjọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀!" Àwọn obìnrin hó, aránṣọ ń gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Bàbá Ìjọ tó mọ ohun tí òun ti fi ẹnu ara òun sọ. Kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ìyá Ẹ̀rí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fò sókè. Ó wá tún wo ìlà iwájú. Nínú gbogbo ariwo yẹn, bàbá náà ò kúrò níbi tó wà, ó ń wò ó, ó ń retí ìdáhùn.